Owó Ìfẹ̀yìntì Fábáyọ̀ Tí Mo Fi Dápàárá

Ìyá Ọláṣẹ̀hìndé,

Ìrẹsì Ọ̀fàdà wà nínú kúlà, má dúró dè mí. Ìjẹmọ̀ ni mo lọ, sọ́dọ̀ àbúrò rẹ, Fábáyọ̀.

Ṣé o rántí àpárá mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè nílé Bàbá yín? Mo ní ìjọba máa ń yọ owó orí lára owó ìfẹ̀yìntì tí ọ̀gá ń dá fún òṣìṣẹ́, pé kí Fábáyọ̀ kúkú ní kí wọ́n máa san án mọ́ owó oṣù òun. Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Òun gbà mí gbọ́.

Ó pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ti lọ béèrè níbi iṣẹ́ tuntun rẹ̀, níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Akáǹtáǹtì ní wọn kì í gba owó orí lórí èyí tí ọ̀gá ń dá. Tó bá di owó oṣù ni wọ́n máa gbà á. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Fábáyọ̀ ò dárúkọ mi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí àna, mo ń ṣẹ́jú sáwọn èrò. Lónìí, tí mo bá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, mi ò ní ṣẹ́jú sẹ́nì kankan.

Má sọ fún Bàbá. Rárá, sọ fún wọn. Iwájú wọn ni mo ti fi ọmọ wọn ṣeré.