Wọ́n Ní Èmi Ni Mo Kú

Ọjọ́bọ̀, oòrùn ò tíì wọ̀.

Lẹ́tà ọ́fíìsì owó orí tún dé lónìí. Bàbá Fọlá ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ń bá a kẹ́dùn ikú èmi ìyàwó rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti sin ọkọ mi! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi ìwé ikú rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní àwọn ò rí i.

Mo pè wọ́n. Orin dùùrù ni wọ́n fi dá mi dúró títí oorun fi gbé mi lọ. Mo rí Bàbá Fọlá tó ń bomi rin ata rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, nínú ooru Houston yìí. Ó ní, "Ìyá Fọlá, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ohùn obìnrin kan ló jí mi lórí fóònù: "Màdáàmù, ta gan-an ló kú? Ẹ dárúkọ rẹ̀."

Ọgbọ̀n ọdún nílé ọkọ, mi ò forúkọ pè é rí. Ẹnu mi ò gbà á. Mo pa fóònù.

Fọlá pè mí nínú ọkọ̀ rẹ̀ lórí títì freeway, ó ní òun á bá mi pè wọ́n lọ́la. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀ ná.

Gbogbo ayé ló ti gbà pé ó lọ. Àwọn aláìníláárí yẹn nìkan ló ṣì ń kọ̀wé sí i.