Ọṣẹ Tí Kò Hó ní Bẹyẹrúnká

Bẹyẹrúnká, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1913.

Ọládipọ̀ ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ òyìnbó, mo kí ọ kú atẹ́gùn ọ̀sà, mo kí ọ kú ọ̀nà jíjìn. Bí ilẹ̀ Èkó bá ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní í yọ̀. Ọwọ́ tí o fi ń kọ̀wé kò ní í gbọ̀n. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ èyí, n kò bẹ akọ̀wé kankan. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti wọ kíláàsì ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kíláàsì kìn-ín-ní ni mo ṣì wà, àwa ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin la sì ń jókòó sẹ́yìn. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, má ṣe jẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ rí i. Mo ti kọ ìlà àkọ́kọ́ yìí lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì tíì dá mi lójú.

Gbogbo ilé wà ní àlàáfíà. Ewúrẹ́ funfun bí méjì. Ìjì gbé igun òrùlé ẹ̀yìn lọ, bàbá rẹ sì ní bí ẹ̀rùn bá dé àwọn yóò tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ẹ̀rùn ọdún wo. Ẹ̀gbọ́n wọn, Ìyá Alọ́ṣẹ, ń kí ọ. Wọ́n ṣì ń fi eérú èèpo kòkó se ọṣẹ dúdú wọn, wọ́n sì ṣì ń sọ fún gbogbo ayé pé láti Ọjà'ba títí dé Mápó, kò sí ọṣẹ tó ń hó bíi tiwọn.

Ẹrù tí o fi ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ dé láìfọ́. Mo rí agolo kòkó, mo rí ṣúgà, mo rí mílíìkì tí wọ́n ya màlúù sí lára agolo rẹ̀, mo sì rí ìwé tí o fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń po kòkó àti ẹ̀pà pọ̀ di oúnjẹ dídùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ọ̀fun lọ. Ìyá Hilda, tí à ń tọrọ ọmọ rẹ̀ fún ọ, ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn ìsìn pé òun kò lè fi ọmọ òun tó kàwé ní mísọ́nnì fún ilé àgbẹ̀ tó ń ta kòkó láti ọjọ́ yìí wá tí wọn kò mọ adùn rẹ̀. Ó ní òun yóò wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé, òun yóò sì fi ojú ara òun rí ohun tí Hilda yóò máa jẹ.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ pé inú kòkó ni ìyẹ̀fun agolo náà ti wá, wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní láti ọdún tí àwọn ti ń gbìn ín, àwọn rò pé ẹ̀tù ìbọn ni òyìnbó ń fi í ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kánjú rà á. Mo bu díẹ̀ fún wọn lá, wọ́n ní ó korò. Mo fi ṣúgà sí i. Wọ́n mú àdá, wọ́n gba oko lọ, nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní àwọn kàn lọ wo àwọn igi náà lójú ni.

Ìwé rẹ ní kí n bu ṣíbí kòkó mẹ́fà. Kò sí ṣíbí nílé wa, ìgbakọ tí mo fi ń bu ẹ̀kọ ni mo mú. Mo bu ẹ̀ẹ̀kan, mo bu ẹ̀ẹ̀kejì, agolo tán. Mo bi ara mi bóyá agolo ló kéré ni tàbí èmi ni n kò mọ nǹkan. Mo tún ka ìwé náà, mẹ́fà ni o kọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì bẹ Ọlọ́run kí méjì ó ṣe bíi mẹ́fà. Ní ti ẹ̀pà, mo yan án, mo bó o, mo fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, mo lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí ó fi ń dán. Ṣùgbọ́n kúlíkúlí ni ọwọ́ mi mọ̀, kí n tó rántí, mo ti fún òróró inú rẹ̀ kúrò pátá. Ìgbà tí mo padà sídìí ìwé rẹ ni mo rí i pé òróró kò gbọdọ̀ kúrò. Mo dà á padà, mo pò ó, mo sì bẹ ẹ̀pà náà kó má bínú. Mo gbé mílíìkì àti ṣúgà kaná, mo da kòkó sí i, mo da ẹ̀pà lé e, mo rò ó títí ó fi ki tó ń ṣí lára ìkòkò. Àwọn ará ilé Gàníyù yọjú lórí ògiri, wọ́n ní kí la ń sè tí imú àwọn kò fi ráyè sinmi.

O wá ní kí n gbé e sí ibi tútù kó lè dì. Kò sí ibi tó tutù nílé wa tó ẹ̀gbẹ́ àmù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi ewé gbòdògì dì í ní ìṣù mẹ́ta, mo tò ó síbẹ̀. N kò rántí pé ibẹ̀ náà ni Ìyá Alọ́ṣẹ ń to ọṣẹ tuntun sí, nínú ewé gbòdògì kan náà.

Ní Sátidé, Ìyá Hilda dé pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ Bertha, nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí títí ó fi le bíi pákó. Ìyá Hilda fi ìdí lé etí àga bí ẹni tí kò fẹ́ kí àga náà mọ òun. O mọ̀ pé nílé wa, àgbà obìnrin ilé ló ń bu omi fún àna fọwọ́ kí oúnjẹ tó dé. Ìyá Alọ́ṣẹ dìde, wọ́n mú ìṣù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, wọ́n tú ewé rẹ̀, wọ́n fi lé Ìyá Hilda lọ́wọ́, wọ́n sì ń da omi.

Èmi wà nínú yàrá, mo ń tú ìṣù tèmi kí n gé e sórí àwo tí mo yá. Mo gbóòórùn rẹ̀, eérú ni. Mo fi ahọ́n kàn án. Àjàní, ọṣẹ ni.

Bí mo ṣe sáré jáde, ọwọ́ Ìyá Hilda méjèèjì ti dúdú dé ọrùn ọwọ́, kò sì hó rárá. Ìyá Alọ́ṣẹ ń làágùn, wọ́n ń sọ pé kí àna àwọn túbọ̀ máa ra á, ọṣẹ tuntun ló máa ń ṣagídí bẹ́ẹ̀. Bertha béèrè bóyá ọṣẹ Bẹyẹrúnká ń fọ ìdọ̀tí kúrò ni tàbí ó ń kùn ún síni lára. Ìyá Alọ́ṣẹ ní ọṣẹ àwọn kò jẹ̀bi, ìdọ̀tí tí wọ́n gbé bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ló pọ̀ jù.

Ọkàn kan ní kí n dákẹ́, kí n ní oúnjẹ ti jóná. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí Hilda bá tipa irọ́ wọ ilé wa, irọ́ náà yóò máa bá a gbé. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí, oúnjẹ tí mo sè dè wọ́n ni wọ́n ń fi fọwọ́. Igbá bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Alọ́ṣẹ. Bertha dìde, ó ní kí wọ́n máa lọ, àwọn ti rí ohun tí àwọn wá wò. Ńṣe ló dà bíi pé mò ń wo ìyàwó rẹ bó ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Hilda kò dìde. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ìka kan sí imú, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó fi ìka náà sẹ́nu. Ó fi èkejì sí i. Nígbà tó dórí ìka kẹrin, mo mọ̀ pé kò bínú mọ́. Ó lá ọwọ́ ọ̀tún tán, ó bọ́ sí òsì. Bertha ní ẹ̀gbọ́n òun ń dójú ti mísọ́nnì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi àtàǹpàkò kàn án lẹ́nu, Bertha sì lá a.

Ìgbà náà ni Ìyá Hilda sọ jẹ́jẹ́ pé níwọ̀n bí mo ti sọ òótọ́ tèmi, òun náà yóò sọ tòun. Ó ní òun kò tọ́ nǹkan yìí wò rí. Agolo kòkó tó wà lórí pẹpẹ nílé òun, tí gbogbo àlejò ń wò, òfìfo ni ìyàwó òyìnbó fi ta òun lọ́rẹ, abẹ́rẹ́ àti òwú ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ pé òun ti fi Hilda fún ọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdána, láàárín oyin àti iyọ̀ àti obì, kí oúnjẹ náà wà níbẹ̀ fún gbogbo ẹbí òun, kó sì rí gẹ́lẹ́ bí èyí tí òun lá.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyẹn. Èyí tó lá, omi àmù ti wọ inú rẹ̀, ó sì ti ra á púpọ̀. Bí mo bá gbé èyí tó dì dáadáa síwájú rẹ̀, tó ní kì í ṣe òun nìyí ńkọ́? Èmi àti Ìyá Alọ́ṣẹ ti rò ó, a sì ti fẹnu kò pé lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ni yóò kọ́kọ́ fi fọwọ́. Èèyàn ogójì ni wọ́n ní ó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, Àjàní, fi owó kòkó àti ti ṣúgà ránṣẹ́, kí o má sì ṣe fi ti ogójì ẹnu ṣírò rẹ̀. Ọgọ́rin ọwọ́ ni.

Olúwa yóò jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá gbé ìyàwó rẹ. A kò ní í fi ẹkún pàdé rẹ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Lucy Adéyẹ́misí.