Máàpù Oko Zubair Tó Há Sínú Ẹ̀rọ

Ọ́fíìsì Ẹgbẹ́ Oníkòkó,
Ọ̀nà Odígbó,
Ọ̀rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, 2025.

Ọláyídé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara màmá ti le dáadáa? Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àwa náà wà. Òjò kò jẹ́ kí kòkó wa gbẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òjò kọ́ ló mú mi kọ̀wé.

O mọ̀ pé Linux ni gbogbo kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wa ń lò, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè tú wò kó sì tún ṣe. Alága wa, Bàbá Adéṣínà, kò fọkàn tán ohun ọ̀fẹ́ rí. Wọ́n lọ ra ẹ̀rọ ìpamọ́ kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Èkó, kí gbogbo wa lè máa pín fáìlì lò láti inú rẹ̀, títí kan máàpù oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe nìkan ló lè ṣí i. Ní oṣù tó kọjá, Linux wa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, irinṣẹ́ náà kò sì bá a mu mọ́. Mo tẹ ilé iṣẹ́ náà láago. Wọ́n ní àwọn kò ṣe é fún Linux mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣàlàyé bí a ṣe ń ka fáìlì náà, kí àwọn tó ń ṣe Linux lè bá wa ṣe irinṣẹ́ mìíràn. Wọ́n ní àṣírí àwọn ni. Fáìlì tiwa, àṣírí tiwọn. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ilé ẹni dání kì í ṣe onílé, síbẹ̀ òun là ń bẹ̀.

Zubair ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Àlejò tó ń dáko kòkó lẹ́yìn Odígbó ni. Nígbà tí a ya máàpù oko rẹ̀, àṣà wa la tẹ̀ lé: òun àti onílẹ̀ jọ rin ààlà yí ká, onílẹ̀ ń fọwọ́ kan pèrègún kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ sínú máàpù. Onílẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ fa pèrègún apá odò tu, wọ́n ní bàbá àwọn kò fún un débẹ̀. Máàpù yẹn tó há sínú ẹ̀rọ nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù, àwọn àgbà Odígbó sì ti dá ọjọ́ ẹjọ́.

Zubair wá jókòó tì mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rọ yẹn jẹ ẹ́ ni?"

Mo ní kò jẹ ẹ́, ó kàn dì í mọ́nú ni. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú.

Péjú, akọ̀wé wa ní Àgọ́ Aláyè, ló yọ wá. Dátà tó wọ́n kò jẹ́ kó sọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dọ̀tun, mo sì ti bá a wí títí. Ó fi ọ̀kadà gbé e wá. Irinṣẹ́ àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ṣí ẹ̀rọ náà. Mo da gbogbo máàpù jáde sí oríṣi fáìlì tí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè kà. Lọ́jọ́ ẹjọ́, nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ rí bàbá wọn nínú àwòrán, tó fọwọ́ lé pèrègún apá odò, wọ́n gbà pé òótọ́ ni Zubair sọ. Wọ́n ti gbin òmíràn síbẹ̀.

Ṣé o rò pé ó parí? Ní ìpàdé, Alága ní ẹ̀rọ náà mà pa nǹkan mọ́ dáadáa, pé kí a yí kọ̀ǹpútà wa kúrò lórí Linux kí a sì kó máàpù padà sínú ẹ̀rọ náà. O mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Mo dìde.

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Bí ẹ bá fẹ́ kó máàpù padà síbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ sọ fún Zubair."

Bàbá kò tíì dáhùn ìkíni mi láti ọjọ́ náà. Máàpù ṣì wà níta ẹ̀rọ náà.

Bá mi kí màmá, kí o sì kí Samson àbúrò rẹ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Àyànlọ́wọ̀.