Òkìtì Iyanrìn Tí A Sọ Di Òkè Àdúrà

Via Piave,
Mestre,
Ítálì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, 1997.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Àǹtí Damaris,

Mo kí yín púpọ̀, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé ẹsẹ̀ yín tó ń wú ti ń lọ sílẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni mò ń fi í sádùúrà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, ara mi le; ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ má sì kà á sétí ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ àwa onígbàgbọ́: bí ọ̀rọ̀ bá ti le, òkè là ń wá. Ṣùgbọ́n Mestre yìí tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Tí ẹ bá gun àga, ẹ ti gun ibi tó ga jù. Oṣù karùn-ún ń parí lọ nígbà tí Arákùnrin Làmídì, tó ń bá àgbẹ̀ kan já tòmátò, wá jẹ́rìí ní ìjọ pé òun ti rí òkè. Òkìtì iyanrìn ni, níhà ibi tí odò Po ti ń súnmọ́ òkun. Ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ la ọ̀nà kan gbà á kọjá fún àwọn tó bá fẹ́ rìn ṣeré tàbí kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́. Pásítọ̀ Adéríbigbé ní kí a lọ wò ó.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Tréènì já wa sílẹ̀ ní stazione kékeré kan, ìyẹn ibùdókọ̀ ojú irin, a sì ń tẹ̀ lé àwọn pátákó tí wọ́n ya kẹ̀kẹ́ sí. Àgbàdo lọ́tùn-ún, sóyà lósì, ilẹ̀ náà lọ salalu títí ojú fi rẹ̀ wá. A gba orí ebè gíga tí wọ́n fi dí odò. Lékeléke wà níbẹ̀ bíi tiwa! Nígbà tó yá, àgbàdo tán, iyanrìn bẹ̀rẹ̀, a bá bọ́ bàtà wa lọ́wọ́ bí ẹni tó dé ilẹ̀ mímọ́. Àwọn òyìnbó tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá ń kí wa, ẹsẹ̀ wa ni wọ́n ń wò. Bóyá wọ́n rò pé a fẹ́ fi bàtà pamọ́ kó má baà gbó.

Orí òkìtì yẹn ni Láńrewájú ọkọ mi ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ọdún kẹjọ ìgbéyàwó wa rèé. Ó ní nígbà ooru, Sátidé méje lòun máa fi rin ọ̀nà yẹn láìwọ bàtà, láìjẹ, láìmu, kí Ọlọ́run lè fún wa lọ́mọ. Gbogbo ìjọ ké Àmín. Èmi náà ṣe Àmín. Àǹtí mi, èmi nìkan ni mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé àdúrà yẹn kò ní ibi tó máa bà sí.

Mo kọ̀wé sí yín lóṣù kẹta pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n yọ ìju. Ohun tí mi ò kọ ni pé ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá, wọ́n sì ní láti gbé ilé ọmọ mi kúrò kí n má baà kú. Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkọ mi sì dúró níbẹ̀. Láńrewájú kò gbọ́ èdè wọn ju ti inú fabbrica lọ, ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Èmi tí mò ń tọ́jú ìyá arúgbó kan níbí ni ògbufọ̀ ilé wa. Ó ní, “Tóyìn, kí ni dókítà wí?” Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, “Ó ní ìju ti kúrò, kí n máa sinmi.” Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú wọ́ọ̀dù, ó ń dúpẹ́. Dókítà sáré fà á dìde, ó rò pé ó dákú ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mu ẹ̀jẹ̀ sínú, tí mò ń tutọ́ funfun jáde.

Sátidé karùn-ún, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọkọ mi nìkan la lọ. Oòrùn mú gan-an. Níbi tí àgbàdo parí sí, ó ṣubú. Ìyá àgbẹ̀ kan sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ìgò omi wá, ó ń pariwo pé, “Bevi! Bevi!” kó mu ún. Láńrewájú di eyín rẹ̀ pọ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ó ku méjì, Tóyìn. Má jẹ̀ẹ́ kí n bà á jẹ́.” Bó ṣe dákú nìyẹn, tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi wá gbé e.

Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ti fara gbá, àti pé tó bá tún ṣe irú rẹ̀, ó lè má jí mọ́. Eléyìí ni mo túmọ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kankan. Ọkọ mi ní Ọlọ́run ju dókítà lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì ti múra Sátidé tó ń bọ̀. Tí mo bá sọ òótọ́, ọkàn rẹ̀ á fọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá ilé yìí á gbà mí mọ́. Tí mi ò bá sọ, ó máa kú sórí iyanrìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya ẹnu, tí mo tún pa á dé. Mo lọ bá ìyàwó Pásítọ̀ kí n lè jẹ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà tó ti ń kí mi ní ìyá ìbejì. Mo ní kí n kàn kí wọn ni mo ṣe wá. Ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí mi. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, Sátidé méjèèjì á sì ti kọjá nígbà náà. Síbẹ̀ ẹ bá mi wí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ohunkóhun tí ẹ bá ti lè ṣe.

Ọlọ́run á bá mi dá yín sí. Ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ, ẹsẹ̀ yín á sì máa gbé yín lọ síbi ire.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Olútóyìn.

Àfikún: Mò ń ká ìwé yìí lọ́wọ́ ni ọkọ mi wọlé. Mo fọwọ́ bò ó. Ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí, mo ní ẹ̀yin ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi kún un pé kí ẹ tètè lọ gba páásípọ́ọ̀tù, torí ẹ̀yin lẹ máa wá bá wa wẹ ọmọ.