Nígbà tí wọ́n bá ń kírun Jímọ̀, ẹ̀rọ ni mo ń tún ṣe

Ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ mi jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti kírun Jímọ̀ kẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀... Mi ò kọ ẹ̀sìn sílẹ̀ o, iṣẹ́ ni.

Informatique, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ni mo kà. Mo ríṣẹ́ sí bureau kan ní Igolo, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ẹrù tó ń kọjá bodè. Serveur kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú gbogbo ìwé náà, ló gbé gbogbo iṣẹ́ wa dání. Tó bá dúró, ọkọ̀ ẹrù dúró nìyẹn, àwọn awakọ̀ á máa bú wa. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa gba mise à jour, àtúnṣe tó ń dí ihò tí olè lè gbà wọ inú rẹ̀, mi ò sì lè ṣe é láìpa ẹ̀rọ náà fúngbà díẹ̀. Mo bẹ patron, ọ̀gá wa, pé kó ra ìkejì, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ bí mo bá ń tún èkejì ṣe. Ó ní ohun tó ń ṣiṣẹ́, kí ni mò ń wá nínú ẹ̀? Ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tílẹ̀ bá ṣú, á paná, á mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ọjọ́ Àìkú pàápàá, èrò kún bodè. Àkókò ìrun Jímọ̀ nìkan ni bureau máa ń dá, òun náà á lọ... ìgbà yẹn ni mo máa ń yọ́ ọ ṣe. Wọ́n á ti mọ́sáláṣí dé, wọ́n á ní ẹ̀rọ yìí mà lágbára o. Vraiment, inú ń bí mi.

Bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ń kírun ní Igolo, kò rí mi ní mọ́sáláṣí ibẹ̀ rí. Mo purọ́ fún un pé Ìfọ̀nyìn ni mo ti ń kí tèmi. Ó ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ kí n wá jókòó ti òun, kí òun fi mí han àwọn àgbà, bí mi ò bá wá, kí n má tẹ ilé òun mọ́. Àtúnṣe tuntun sì ti jáde báyìí, wọ́n ní ihò yìí léwu gan-an, kéèyàn má fi falẹ̀. Ìwé ẹrù bàbá yẹn náà wà nínú ẹ̀rọ yìí! Ṣé kí n sọ òótọ́ fún un? Patron ló máa ń jókòó tì í ní mọ́sáláṣí, á gbọ́, á lé mi. Ṣé kí n lọ jókòó láàárín àwọn méjèèjì, kí n máa forí kanlẹ̀, kí ọkàn mi máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ?

Ó ti rẹ̀ mí... Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ta lẹ máa kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún, patron ni àbí bàbá ìyàwó?