Maṣíìnì Ìgbéyàwó Wa Wà Nínú Ẹrù Tí Wọ́n Fẹ́ Tà

Bọ̀ọ̀dá mi Àjàyí,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Kánò. Orúnkún Màámi ti fúyẹ́, wọ́n ti ń rìn dé Ọjà Ọba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo dé ilé ọkọ, inú mi ṣì ń dùn débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín bí mo bá ń gbálẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá, ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ń rán aṣọ iléèwé ti wọ gbèsè, kò lè san án. Kóòtù ti yan agbẹjọ́rò kan tí yóò ta ẹrù ibẹ̀, tí yóò sì pín owó náà fún àwọn tí wọ́n jẹ lówó. Maṣíìnì ìránṣọ tí ẹ fi ta wá lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Ọkọ mi gbé e lọ nítorí jẹnẹrétọ̀ wọn, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kun nọ́ńbà ilé iṣẹ́ sí i, kí ó lè bá àwọn yòókù dọ́gba.

Agbẹjọ́rò náà ní, “Ìyàwó, mo gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ní nọ́ńbà, ti ilé iṣẹ́ ni, àfi tí ẹ bá mú rìsíìtì wá.”

Ọkọ mi ní, “Dùnmínínú, nọ́ńbà tí mo kùn yẹn, mo ti fi orúkọ ẹlòmíràn sọ ọmọ mi.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹun.

Wọn kò gba fọ́tò rìsíìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi rìsíìtì náà gan-an rán dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò tà á.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ san gbèsè tí ẹ kò jẹ. Ẹ bá àwa náà ṣe àmín sí i.

Àbúrò yín,
Dùnmínínú