Aràn Ẹlẹ́yín Mẹ́rin

                                        Yàrá Kẹta,
                                        Ilé Àyẹ̀wò Ẹranko Òkun,
                                        Ọ̀nà Èbúté.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ìkejì mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn fúnra wọn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ìhanrun wọn ṣì ń mi ilé tìtì?

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù ni. Àbúrò rẹ wà láàyè, kí n tètè sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n lù ú lálùbolẹ̀, mo sì lọ́wọ́ sí i. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

O rántí ibi tí mo bá a wáṣẹ́ sí, níbi tí wọ́n ti ń wú aràn nínú ẹrẹ̀ etí òkun, tí wọ́n ń tà á fún àwọn apẹja láti fi ṣe ìjẹ ìwọ̀. Aláròyé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí ó lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ láì sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan báyìí, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá yìí ki ọwọ́ bọ garawa Aláròyé, ó sì fi igbe fà á yọ. Ọwọ́ wú, ó pọ́n, ó ń ta á bí iná. Ó fi ṣọ́bìrì bẹ́ aràn tó bá níbẹ̀ sí méjì, ó ní onírun olóró ni, aràn tí irun rẹ̀ ń ta ni bí iná. Ìyẹn kì í sì í gbé inú ẹrẹ̀ wọn, abẹ́ òkúta inú òkun ló ń gbé. Ó ní Aláròyé ló mọ̀ọ́mọ̀ lọ wá a fi síbẹ̀ kí òun lè kú.

Akọ̀wé wọn ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní irú aràn wo nìyí. Ebi ń pa mí, mo ti ń ti ilẹ̀kùn. Mo rí irun tó ń dán ní ìhà rẹ̀ méjèèjì, mo rí i pé ara rẹ̀ pọ́n, mo fèsì pé onírun olóró ni, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo lọ jẹun.

Ọ̀rẹ́ mi, èsì yẹn ni wọ́n fi lù ú. Ọ̀gá na fóònù sókè, ó kà á sí gbogbo wọn létí. Wọ́n fi igi ṣọ́bìrì lù ú, wọ́n fi bàtà rọ́bà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n ti orí rẹ̀ bọ inú garawa náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. Eyín rẹ̀ yọ, egungun àgbọ̀n rẹ̀ sì fọ́.

Òṣìṣẹ́ wọn tó gbé aràn náà wá fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nínú ìgò sípíríìtì, ẹ̀rín ló fi ń ròyìn bí wọ́n ṣe lù ú. Èmi tí mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: LA ẸNU RẸ̀ KÍ O TÓ PÈ É LÓRÚKỌ. Aràn tó bá bọ́ sínú sípíríìtì á fa ọ̀fun rẹ̀ padà sínú, ẹni tí kò bá là á kò ní í rí eyín. Mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Orí onírun olóró máa ń fẹ̀, ẹran kan sì máa ń yọ lé e lórí. Tèyí rí ṣóṣóró, ìwo kéékèèké mẹ́rin wà lórí ṣóńṣó rẹ̀. Mo fi àlùmọ́gàjí la ọ̀fun rẹ̀, eyín dúdú mẹ́rin sì yọ síta. Ẹlẹ́yín mẹ́rin lásán ni, èyí tí gbogbo wọn ń wú tà lójoojúmọ́. Ó gé ọ̀gá jẹ ni. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan síbẹ̀.

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, mo já aṣọ tó fi di ọwọ́ rẹ̀. Ojú ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀ gedegbe, bẹ́ẹ̀ olóró kì í gé èèyàn jẹ, irun rẹ̀ ló ń gún ni. Ó ní ohun tí èmi fọwọ́ mi kọ ni ẹ̀rí òun. Mo fọ́ ọ létí. Ó fọ́ tèmi náà, mo ṣubú lu àwọn garawa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ṣì wú bí mo ṣe ń kọ èyí. Ojú kò tì mí. Láti ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ti kó ọ̀gá àti àwọn méjì mìíràn.

Wáyà ni wọ́n fi di àgbọ̀n àbúrò rẹ ní ọsibítù, kò lè sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fọwọ́ béèrè bébà, ó kọ ọ́ pé: "Àǹtí, ẹ ò la ẹnu rẹ̀ wò?" Mo ní rárá. Ó gba bébà náà padà, ó kọ ìkejì: "Wọn ò bi èmi náà léèrè."

Bá mi kí Màmá, ṣùgbọ́n jẹ́ kí wọ́n jẹun kí o tó sọ fún wọn. Kí àwọn ọmọ. Bébà náà ni mo fi sínú àpòòwé yìí, kí o lè fojú ara rẹ rí i.

Èmi ni, bí o bá ṣì fẹ́ kí n jẹ́ tìrẹ,

Ìyá Aláràn.